Fìlà Tó Wà Lórí Ìṣó

Fìlà pupa náà wà lórí ìṣó. Ohun tí Àdíját kọ́kọ́ rí nìyẹn nígbà tí mégádì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọ̀nà yàrá yìnyín. Àrán rẹ̀ ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì, ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti bàbá òun ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti ń retí bàbá náà nílé. Bàbá Jíbrílù kì í fi ìrun Mọ̀gáríbì ṣeré. Yóò kúkú fi oúnjẹ sílẹ̀ ju kí ó pẹ́ dé mọ́sálásí wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ. Nígbà tí wọ́n kírun tán tí wọn kò rí i, Àdíját ọmọ rẹ̀ fa ìborùn sórí, ó di ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Mégádì fa irin ìdábùú ilẹ̀kùn sẹ́yìn, òtútù sì rọ́ lù wọ́n. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni wọ́n ti bá arúgbó náà. Ó ká jọ sórí páálí ẹja, ó ti fi àpò ìrẹsì òfìfo wé orí, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó nítorí ilẹ̀kùn tó ti ń lù. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀. Àdíját kò sunkún. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo àyà bàbá rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á lẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi rí ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀bá ọjà Sandgrouse ni ilé ẹja náà wà. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ọjà ti ń ra ẹja dídì, èyí tí àwọn ará òkè ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú Èkó ni. Kò sí ẹni tó rò ó pé yìnyín tó ń tọ́jú òkú Èkó lè fẹ́ sọ ènìyàn di òkú pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn yàrá yìnyín náà kò ní ọwọ́ nínú. Ìta ni wọ́n ti ń ṣí i, ìta ni wọ́n sì ti ń tì í, ẹ̀rọ tó ń kùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tó wà nínú. Nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn dá òfin kan sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò ṣí fìlà orí rẹ̀, yóò gbé e kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, yóò sì wọ kóòtù òtútù. Bí fìlà bá wà lórí ìṣó, a kì í ti ilẹ̀kùn, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó.

Jimoh ni iṣẹ́ ìtìlẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Jimoh sì ni ọkọ Àdíját. Nígbà tí sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá dé, Jimoh fi Kùránì búra pé kò sí fìlà kankan lórí ìṣó nígbà tí òun pa iná tí òun sì tilẹ̀kùn. Mégádì ní fìlà wà níbẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí Àdíját, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó rí. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sì sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ti Jimoh mọ́lé.

Kò sì sí ẹni tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi fura sí i. Ọdún 1975 nìyẹn, ọdún tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pariwo Údójì, owó tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí ọkàn àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé ẹja pé Ọ̀gá máa lé ìdajì àwọn. Wọ́n tún ní nínú àna méjèèjì, bàbá Jíbrílù tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ àti Jimoh, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde ni Jimoh kò ti jẹun dáadáa mọ́, gbogbo àdúgbò ló sì ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Mọ̀núrù Bákàrè ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún ní àárọ̀ Jímọ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, a máa rìn bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀, ó sì ní ìwà kan tó ń bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú: ẹjọ́ tó bá tètè dùn jù máa ń fu ú lára. Wọ́n ti sọ fún un pé Jimoh ń lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Mọ́ńdè. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe kò ju kí ó parí ìwé rẹ̀ lọ.

Ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Àdíját jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ tí kò tíì lajú, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. “Ó wù mí kó jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, sà,” ó wí. “Àmọ́ ojú mi rí i. Àrán yẹn ń dán.”

Lẹ́yìn náà ló yà sí àtìmọ́lé. Jimoh jókòó sílẹ̀, ó gbé orí lé eékún. Kò ní ohun tuntun kankan láti sọ. Ó wo ìṣó kí ó tó tilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ìṣó náà sì ṣófo. Ìgbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ dìde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, Àdíját ńkọ́? Ṣé òun náà gbà pé mo fẹ́ pa bàbá ẹ̀?”

Ìnsípẹ́kítọ̀ mọ ìdáhùn, kò sì fẹ́ kí ó ti ẹnu òun jáde. Ó ní kí Jimoh gbìyànjú kó jẹun, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Nílé ẹja, kò sí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n dúró ní méjì méjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo wọn sì panu mọ́ nígbà tí ọlọ́pàá wọlé. Ìnsípẹ́kítọ̀ pe Bashiru, ẹni tó tẹ̀lé bàbá Jíbrílù ní ipò, sápá kan. Ó bi í bóyá Ọ̀gá ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé òun máa lé wọn.

“Ọ̀gá kẹ̀? Ta ló rí Ọ̀gá? Onikan ni Ọ̀gá wà, ó ti tó ọdún méjì tó ti débí gbẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣónúbi, akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wa, ló ń mú ọ̀rọ̀ Ọ̀gá wá. Òun náà ló ń mú tiwa lọ.”

“Ẹ sì ń gba gbogbo ohun tó bá sọ gbọ́?”

“Bí a ò bá rí àdàn, ṣebí òòbẹ̀ la ó fi ṣẹbọ, sà.”

Ó tú ìyókù fún un díẹ̀díẹ̀. Ṣónúbi ló sọ fún wọn pé orúkọ àwọn tí wọ́n máa lé ti wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá, pé òun ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́, àti pé Ọ̀gá kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Nítorí náà wọ́n ń gbé adìyẹ àti iṣu lọ sílé Ṣónúbi. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀. Bashiru fúnra rẹ̀ ti fún un ní ìtan àgbò Iléyá rẹ̀, ó sì ṣì ń dun Bashiru títí di òní.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí ó wọ yàrá yìnyín kí ó fi ibi tí wọ́n ti bá bàbá náà han òun. Bashiru ṣí fìlà, ó fi àtàǹpàkò yí i, ó gbé e kọ́ ìṣó, ó sì wọ kóòtù òtútù. Kò rò ó rárá, bí ẹni tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Dípò kí Ìnsípẹ́kítọ̀ wo inú yàrá, fìlà ló dúró tó ń wò. Nígbà tí Bashiru jáde, ó bi í ní ìbéèrè kan ní ohùn jẹ́jẹ́. Bashiru dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ṣe ń ṣe é, àti pé òun kò sọ ọ́ nítorí kò sí ẹni tó bi òun.

Ó padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí sájẹ́ǹtì gbé fìlà pupa náà wá, ó sì gbé e símú. Òórùn ẹja ló retí. Òórùn káńfọ̀ ló gbọ́, káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ó ránṣẹ́ sí Àdíját láti bi í bóyá ó ń kó káńfọ̀ sí ẹrù bàbá rẹ̀. Èsì tó wá ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú káńfọ̀ wọ yàrá bàbá náà, nítorí pé bàbá fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè láti wẹ òkú ní àdúgbò, ó sì ní òórùn òkú ni káńfọ̀ jẹ́ fún òun.

Onikan ló kàn. Ọ̀gbẹ́ni Babátúndé Òkúṣàgá, tó ni ilé ẹja, gbà á ní ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èèyàn lè rò pé ọlọ́rọ̀ kì í bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti mú ọkùnrin yìí rù. Ó ti fi ọlọ́dẹ méjì sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti bí oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ fún òun pé àwọn òṣìṣẹ́ òun ti búra láti sun ilé ẹja náà, àti pé bí òun bá yọjú síbẹ̀, wọ́n máa fọ́ òun lórí. Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè ẹni tó sọ ọ́. Ṣónúbi ni.

“Ó wá sú mi,” Ọ̀gá wí. “Mo ní ẹni tó bá fẹ́ sun ilé mi, ó yẹ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lánàá ni mo rán dírẹ́bà mi lọ mú bàbá Jíbrílù wá. Nígbà tí mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ iná yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.”

Àwọn méjèèjì jọ ṣàdéhùn pé Ọ̀gá yóò wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti bá gbogbo òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Bí bàbá náà ti ń jáde, Ṣónúbi bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sìn ín dé ìsàlẹ̀. Àwọn àlejò kan dé bá Ọ̀gá lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sì kúrò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní báyìí, Ṣónúbi ti gbà á níyànjú pé kí ó má lọ mọ́, nítorí inú àwọn òṣìṣẹ́ ń ru.

“Ẹ lọ, sà,” Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Èmi náà á wà níbẹ̀.”

Ṣónúbi wà ní yàrá kejì. Kóòtù wúlù dúdú ló wọ̀ nínú ooru Èkó, bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó ní ìlú òyìnbó, ó sì ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Káńfọ̀ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí Ṣónúbi tó kí i. Ṣónúbi ṣàánú bàbá Jíbrílù gidigidi. Ó ní òun kò tíì tẹ ilé ẹja láti Mọ́ńdè. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í nípa fìlà, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn.

“Ta ni kò mọ̀? Bí fìlà bá wà lórí ìṣó, ènìyàn wà nínú ilé. Jimoh rí i, ó sì tì í. Ní tèmi, ìránṣẹ́ ni mí láàárín wọn. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ń jẹ́ ẹ nìyẹn.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá Ọ̀gá wá sí ìpàdé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ síwájú yàrá yìnyín. Ọ̀gá sọ̀ nínú mọ́tò, ó ń wo ọwọ́ wọn bóyá wọ́n mú òkúta dání. Àwọn náà ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú ìwé tí orúkọ wọn wà dání. Jimoh wà láàárín ọlọ́pàá méjì. Àdíját ti wá láti ọsibítù nítorí Ìnsípẹ́kítọ̀ ránṣẹ́ pè é; ó dúró lápá kejì, kò sì wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi Ọ̀gá bóyá òótọ́ ni pé ó fẹ́ lé ìdajì àwọn ènìyàn yìí.

“Èmi? Mi ò ní lọ́kàn láti lé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa sun ilé mi.”

Bashiru ló fèsì, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ bí ti ẹni tí ń tọrọ àforíjì. “Ibi tí a ti ń jẹun, sà? Ká wá sun ún?”

Kò sí ẹni tó nàka. Ojú gbogbo wọn kàn ń yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró sórí Ṣónúbi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ẹni tó bá wà láàárín ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, àti pé bí òun bá tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, kò sí òfin tó ń fi ènìyàn sẹ́wọ̀n nítorí ìyẹn.

“Òótọ́ lẹ sọ,” Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Irọ́ nìkan kọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá.” Ó yọ fìlà pupa náà jáde, ó nà án sí i. “Ẹ bá mi gbé e kọ́ ìṣó, bí ẹni tó fẹ́ wọlé ṣe ń ṣe.”

Ṣónúbi wo fìlà, ó wo ìṣó. Ó gbà á, ó gbé e kọ́ ọ dáadáa, àrán pupa náà sì kọjú sí gbogbo wọn. Ìkùnsínú gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí àwọn ọlọ́pàá fi Jimoh sílẹ̀, ó sì ní kí òun náà gbé e kọ́. Jimoh mú fìlà bàbá ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó fi àtàǹpàkò yí inú rẹ̀ síta, ó sì gbé e padà. Aṣọ funfun tí wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wò báyìí.

Àdíját fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ooru ń mú níbí,” Ìnsípẹ́kítọ̀ wí, “ẹnikẹ́ni lè fi fìlà kọ́ ibikíbi. Fìlà tí inú rẹ̀ bá wà níta nìkan ló ń sọ pé ènìyàn wà nínú yìnyín. Bàbá Jíbrílù ló kọ́ gbogbo wọn, kò sì lè gbàgbé é. Funfun ló fi síta nígbà tó wọlé lánàá. Pupa ni ọmọ rẹ̀ bá. Ẹnì kan ti mú fìlà yìí kúrò kí Jimoh tó dé, ó sì dá a padà lẹ́yìn tí Jimoh lọ. Ẹni náà mọ̀ pé fìlà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì bá àwọn tó ń sọ ọ́ jókòó rí. Mégádì ìbá ti rí i pé pupa ló wà níta, ìdààmú ni kò jẹ́ kó rí i.”

Ṣónúbi ní Ọ̀gá náà kò mọ àmì yẹn.

“Ọ̀gá wà pẹ̀lú àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin lẹ sin bàbá sọ̀kalẹ̀, òun náà ló sì sọ fún yín, láìfura, pé Ọ̀gá ń bọ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ̀ lé e wá síbí. Ẹ fi fìlà rẹ̀ sínú kóòtù yín, ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn páálí. Bí fìlà bá sọnù, a ó máa wá ẹni tó mú un. Bí a bá bá a lórí ìṣó, Jimoh la ó mú, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé ó ní ìdí láti pa á. Ẹ gbọ́ òórùn fìlà náà wò, ẹ̀yin ará. Káńfọ̀ ni. Bàbá kì í fẹ́ rí káńfọ̀ sójú.”

Bashiru gbé e símú, ó sì fi fún ẹni tó tẹ̀lé e. Bí fìlà náà ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, Ṣónúbi bọ́ kóòtù rẹ̀, bí ẹni pé ìgbà yẹn ni ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un. Ó jókòó sórí páálí òfìfo kan.

“Mi ò fẹ́ kó kú,” ó wí. “Mo ní kí òní kọjá ni. Ọdún méjì ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ wọn láti ibí dé ọ̀hún. Tí wọ́n bá wá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ni ẹnikẹ́ni á máa fi mí ṣe?”

“Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán yín,” Ìnsípẹ́kítọ̀ dá a lóhùn. “Ẹ̀yin lẹ fi tẹrú jẹ́ ẹ.”

Nígbà tí wọ́n mú un lọ, Ọ̀gá ṣì dúró níbẹ̀, kò mọ ohun tó máa ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sínú ìwé, kò sì yọ ọ́ jáde. Bashiru gbé àga kan wá fún un. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ó ń dáhùn, ó sì ń bi wọ́n. Ìpàdé náà kò dùn. Àwọn kan bínú, ẹnì kan tilẹ̀ sunkún nítorí oorun tí kò rí sùn láti oṣù mélòó kan.

Àdíját rìn lọ bá Jimoh. Jimoh kí Ìnsípẹ́kítọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá lọ. Ojú ọ̀nà ni obìnrin náà dúró sí títí ó fi pòórá lẹ́yìn àwọn ìsọ̀ ọjà.

Ó padà sí ọsibítù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ rọ̀, bàbá Jíbrílù lajú, ó sì béèrè omi. Dókítà ní yóò yè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìka rẹ̀ méjì. Ọkàn Àdíját balẹ̀ lápá kan, apá kejì sì wá ń jó o. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé. Ohun tí ó rí ló sọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò dúró síbi ohun tí òun rí. Òun gbà gbọ́ pẹ̀lú pé Jimoh lè ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí kò lè rí ọ̀nà yí ká nìyẹn, ó sì ń rò ó ní gbogbo ọ̀nà títí ó fi dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò mọ̀ bóyá Jimoh ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀.

Agbo ilé parọ́rọ́. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó dé ẹnu yàrá wọn, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Lára ìṣó tí ó máa ń fi asẹ́ kọ́, ó rí fìlà Jimoh. Inú rẹ̀ wà níta, funfun.

Ó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn.